Àkísà Àgbà, Àwo Ọmọdé

 

Ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí mo ti fẹ́ dáhùn láti bí oṣù kan. Ọ̀dọ́ kan tó máa ń ka ohun tí mò ń kọ níbí ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ ta eré kan tí wọ́n ń pè ní disc golf, wọ́n sì máa ń wo àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ jẹun lórí YouTube. Ó ní àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín wọn tí kò fẹ́ tán. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún, àwọn kan á ní orí ló gbé e, àwọn kan á ní kò tíì jìyà, ẹ má tíì pè é ní nǹkan kan. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí ni Ifá sọ sí i?"

N ò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó bá ń retí pé kí n sọ ẹni tó máa gba ife lọ́dún tó ń bọ̀, kó tètè máa lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀, torí pé a ní irú rẹ̀ nílé tiwa, ó sì ti da ẹgbẹ́ rú lójú mi rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré náà, kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ mọ gọ́ọ̀fù, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré títí yóò fi wọ ihò. Èyí kò lo ọ̀pá, kò lo bọ́ọ̀lù. Àwo pẹlẹbẹ oníke ni wọ́n ń fi ọwọ́ jù (àwo ni mo kọ o, kì í ṣe awo, ẹ ṣọ́ àmì ohùn yín). Dípò ihò, apẹ̀rẹ̀ onírin kan ló wà lórí òpó, tí ẹ̀wọ̀n wẹ́wẹ́ rọ̀ yí òpó náà ká lókè. Bí àwo bá gbá ẹ̀wọ̀n, á já sínú apẹ̀rẹ̀. Bíi méjìdínlógún irú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà lórí pápá kan, ẹni tí iye ìgbà tó ju àwo bá kéré jù ló borí. Ọ̀pọ̀ pápá wọn wà láàárín igbó, kí àwo kọlu igi sì jẹ́ ohun ojoojúmọ́. Àwo náà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí etí rẹ̀ mú ni wọ́n fi ń ju ọ̀nà jíjìn, èyí tí etí rẹ̀ kú ni wọ́n fi ń jù nítòsí, ọ̀kan wà fún àárín. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, wọ́n á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, bí awo ṣe ń gbé àpò Ifá.

Ed Headrick ló dá apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n náà sílẹ̀. Ó ti bá ilé iṣẹ́ Wham-O, àwọn tó ń ṣe Frisbee, ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Òun náà ló dá PDGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta eré náà, sílẹ̀ ní 1976, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kìíní. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 1. Nígbà tó kú ní 2002, wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì po eérú náà mọ́ ike tí wọ́n fi ṣe àwo, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́. Àwa kì í sun òkú wa, ṣùgbọ́n n ò lè fi baba yìí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní kí wọ́n máa fi òun tajú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ikú, ó mọ ohun tó fẹ́ràn láyé.

Nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Gbogbo ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ PDGA ló ń gba nọ́ńbà, bí wọ́n bá ṣe wọlé ni wọ́n ṣe ń tò ó. Ken Climo tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá ń jẹ́ 4297. Paul McBeth tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ 27523. Lónìí, nọ́ńbà àwọn tó ń wọlé ti kọjá 200,000. Nọ́ńbà yìí kì í yí padà. Bí o di ọba, bí o di aṣòfò, ibi tí o wà lórí ìlà lo wà.

Wọ́n tún ní nọ́ńbà kejì, èyí tí mo máa pè ní máàkì. Wọ́n ń wo iye ìgbà tí o ju àwo lórí pápá kan, wọ́n ń fi í wé ti àwọn tó jọ ta á lọ́jọ́ náà, wọ́n á wá fún ọ ní iye kan. Ẹni tó bá tó 1000 ti di ẹni tí wọ́n ń yà fún lọ́nà. Máàkì yìí ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, kò sì béèrè ìgbà tí o dé. Nítorí náà, orúkọ kan, nọ́ńbà méjì: ọ̀kan ń sọ ìgbà tí o wọlé, ìkejì ń sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe nísinsìnyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹfá ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lọ́dọ̀ wa náà, ọjọ́ tí o wọ igbódù la fi ń ka ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú awo. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó tẹfá lánàá mọ̀ pé ọmọ ogún ọdún tó ti tẹfá láti kékeré ṣáájú òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ yẹn ni yóò dọ̀bálẹ̀ kí i bí wọ́n bá pàdé lójú títì. A ní nọ́ńbà kìíní dáadáa. Nọ́ńbà kejì ni a kò kọ sílẹ̀ níbì kan, ìdí nìyẹn tí ìjà rẹ̀ fi ń gbóná lọ́dọ̀ wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan. Ní 2022, Gannon Buhr, ọmọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Iowa, gba USDGC, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje tó tóbi jù nínú eré náà, tí wọ́n máa ń ṣe ní Rock Hill ní South Carolina. Ọmọ ọdún 17 ni. Àwọn tó jọ dúró lórí pápá lọ́jọ́ náà, àwọn míì nínú wọn ti ń fi eré náà jẹun kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tó yẹ kó ṣì máa bá wọn gbé omi ló wá jókòó sídìí ọpọ́n.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹjọ́ tí àwọn òǹwòran ń rò kò pọ̀ bí ariwo wọn. Àwọn kan á ní ọmọ náà kò tíì jìyà. Àwọn kan á ní oríire ni, ẹ dúró dọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan á ní eré ti rọrùn ju tàná lọ, bó bá jẹ́ láyé àwọn àgbà ni, ì bá ti sá. Àwọn tó fẹ́ràn ọmọ náà á sì dá wọn lóhùn pé ìlara ló ń dà wọ́n láàmú, ẹ̀bùn ni ẹ̀bùn ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pò mọ́ra bí ẹ̀kọ àti ẹ̀bà: ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣé ó tọ́ sí i, ṣé yóò pẹ́ níbẹ̀?

Èyí tó kẹ́yìn ni kí n kọ́kọ́ yọ kúrò lọ́nà, torí pé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2023, Isaac Robinson gba ìdíje àgbáyé ní Vermont. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní oríire ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ ni. Ní 2024, ó tún gbà á ní Lynchburg ní Virginia. Àkókò ló ń dáhùn ìbéèrè "ṣé yóò pẹ́", kì í ṣe ẹnu wa.

Ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe? Òwe àwọn baba wa ti dáhùn: bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe náà kò sọ pé bí ọmọdé bá ti dàgbà tó. Ọwọ́ mímọ́ ló béèrè. Ẹ̀wọ̀n apẹ̀rẹ̀ kò mọ ọmọ ọdún mélòó ló ju àwo. Ọmọ ọdún 17 tó ju àwo sínú apẹ̀rẹ̀ ti wẹ ọwọ́.

Ìyókù ni "ṣé ó tọ́ sí i", ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká jókòó sí pẹ́.

Òwe tí àwọn àgbà fẹ́ràn láti fi pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ ni ti àkísà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni àkísà wà fún? Àkísà kì í ṣe aṣọ òde. Kò sí ẹni tó ń ró àkísà lọ síbi ìnáwó kí wọ́n lè fún un ní àga iwájú. Ọjọ́ tí epo bá dà sílẹ̀, òru tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ìgbà yẹn lẹ máa mọ ilé tí àkísà wà. Ohun èlò ni, kì í ṣe oyè. Mo máa ń rí àgbà awo tó fẹ́ lo àkísà bí oyè, inú mi kì í dùn sí i.

Ẹ wo bó ṣe rí lórí pápá. Ní 2021, ìdíje àgbáyé wà ní Ogden, ní ìpínlẹ̀ Utah. Ó ku apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, McBeth sì fi ìjù kan ṣáájú James Conrad. Conrad ṣì jìnnà sí apẹ̀rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 247. Kó tó lè bá McBeth dọ́gba, àfi kó ju àwo náà wọlé láti ibẹ̀, láìtún un jù. Ó jù ú. Àwo náà fò, ó rọra tẹ̀, ó wọ inú ẹ̀wọ̀n. Àwọn èrò sọ ara wọn sókè bí ẹni pé oró ta wọ́n. Wọ́n tún ta á sí i láti mọ ẹni tó borí, Conrad ló gbà á.

Ṣé oríire ni àbí iṣẹ́ ọwọ́? Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lé e. Lójú tèmi, ẹni tó ti gba USDGC ní 2019 kì í ṣe ẹni tó kàn ju òkúta lókùnkùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni mo mọ̀ pé bó bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá sí i lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ó má wọlé lẹ́ẹ̀kan. Orí àti ọwọ́ jọ wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní òun lè fi ọ̀bẹ pín wọn sí méjì, kó mú ọ̀bẹ wá.

McBeth ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ báyẹn lójú gbogbo ayé. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ní Emporia ní ìpínlẹ̀ Kansas, ó padà wá, ó gba ife àgbáyé rẹ̀ kẹfà. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé bá, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n nígbà tó tún débẹ̀, ó ní àkísà. Ọmọ ọdún 17 kò tíì lè ní irú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fún un. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ aṣọ tó wọ̀ di aṣọ olè.

Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé "kò tíì jìyà" ń sọ òótọ́ tí kò dáhùn ìbéèrè. Ìyà kì í ṣe owó tí a fi ń ra ìṣẹ́gun. Mo mọ àwọn tó ti jẹ ìyà títí, tí wọ́n kò rí nǹkan rà pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìyà ni owó, wọn ì bá ti di olówó.

Síbẹ̀, n ò ní ṣe bí ẹni pé àwọn àgbà òǹwòran kò ní ẹ̀dùn ọkàn kankan. Wọ́n ní in. Ken Climo gba ìdíje àgbáyé lẹ́ẹ̀méjìlá. Láti 1990 títí dé 1998, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò sí ọkùnrin míì tó gbà á. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà lónìí, wọn ò mọ orúkọ yẹn. Ní 2021, Discraft, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo, bá McBeth ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Láyé tí Climo ń gba ife léraléra, ta ló ń gbọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí? Kí àdéhùn yẹn tó wáyé ni àrùn kòrónà ti dé, wọ́n ti ilé eré pa, àwọn èèyàn rọ́ lọ sí pápá torí pé ìta gbangba ni, èèyàn kò sì ní fara kan èèyàn. Eré náà búrẹ́kẹ́. Ọmọ tó bá wọlé lásìkò yẹn, tábìlì ti wà ní títẹ́. Ó bá ọbẹ̀ lórí iná. Àwọn tó ṣa igi ti lọ.

Ẹ̀dùn yẹn kò jẹ́ ẹ̀bi ọmọ náà, àmọ́ kò jẹ́ irọ́. Mo rò pé ohun tó ń bí àwọn àgbà nínú kì í ṣe pé ọmọdé yára. Ohun tó ń bí wọn ni pé bí ọdún mẹ́ta bá lè ṣe ohun tó gba àwọn ní ogún ọdún, kí wá ni àwọn fi ọdún mẹ́tàdínlógún yòókù ṣe? Ìbéèrè tó ń dun èèyàn ni. Kì í ṣe ìlara lásán.

Mo gbọ́ irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ awo kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin tó tẹfá. Ọ̀pọ̀ nínú ẹsẹ Ifá tó mọ̀, orí fóònù ló ti gbọ́ ọ. Ó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ó ń fi etí sí i nínú mọ́tò, lọ́nà iṣẹ́, títí á fi wọ̀ ọ́ lára. Bó bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, irun orí máa ń dìde lórí èèyàn. Nígbà tí ọdún Ifá ń bọ̀, àwọn kan ní kó jẹ́ òun ni yóò ṣáájú nínú ìyẹ̀rẹ̀. Ilé dàrú. Bàbá kan tí òun ti rin láti abúlé dé abúlé tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún méjìlá, tó ti roko fún un, tó ti pọnmi fún un kó tó gba ẹsẹ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, dìde dúró. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Èmi ò sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ṣé ọdún méjìlá mi ti wá di kí la fẹ́ẹ́ pè é?" Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ Olúwo. Olúwo ní kí ọmọ náà máa ṣáájú nínú ìyẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti orí ẹní rẹ̀ ni kó ti máa ṣe é. Ìyẹn ni pé kò ní sún síwájú. Bí a ṣe wọ igbódù la ṣe jókòó lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà lókè, òun nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì ń ti ẹ̀yìn wá bá wa, gbogbo wa ń gbè é. Bàbá ọlọ́dún méjìlá náà gbè é. Nọ́ńbà kìíní wà níbi tó wà, nọ́ńbà kejì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbà fún ẹni tó bá ní àfi ká mú ọ̀kan ká ju ìkejì nù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, kò sì sọ pé àga kan náà ni wọ́n jókòó lé.

Ó ku ti orí. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ́ wa yìí ń retí rẹ̀, ẹ̀yin náà sì ń retí rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń ka ojú ìwé yìí ló ti gbọ́ ìtàn inú Ògúndá Méjì, ti Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, tí wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé Afùwàpẹ́ yan orí rere, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì yan èyí tí kò dára, òjò pa á lọ́nà, ó rẹ́ dànù. Àwọn èèyàn á wá mi orí, wọ́n á ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, ṣẹ́ ẹ rí i, orí ni." Wọ́n á sì gbé e lé elére ìdárayá tàbí olówó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ tún ìtàn náà gbọ́ dáadáa. Afùwàpẹ́ kò mọ orí rere yàtọ̀ sí búburú ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó yà lọ kí baba rẹ̀. Baba rẹ̀ ni Ọ̀rúnmìlà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá Ifá fún un, tí wọ́n ní kó rúbọ, tí wọ́n sì fún un ní iyọ̀ àti owó mú dání. Lọ́nà, ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fún un ní iyọ̀. Oníbodè tọ́ iyọ̀ wò, inú rẹ̀ dùn, ó mú un lọ sílé Àjàlá. Àjàlá ti sá pamọ́ nítorí olówó tó wá sin gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bá a yan orí tó le, tí òjò kò lè rẹ́.

Ibo ni orí wà nínú èyí, ibo sì ni iṣẹ́ wà? Ó rin ọ̀nà, ó lawọ́, ó san gbèsè ẹlẹ́ni. Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn, ilé baba rẹ̀ ló ti rí i. Ẹni tó bá ní orí nìkan ni, ó gbàgbé iyọ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ nìkan ni, ó gbàgbé baba tó fún un níyọ̀.

Mo máa ń rò ó bí mo bá rí ọmọdé tó tètè gòkè níbikíbi. Ta ló wà á dé pápá nígbà tí kò tíì lè wa mọ́tò? Ta ló ra àwo àkọ́kọ́ fún un? Báwo ni pápá ṣe jìnnà sílé wọn tó? Kì í ṣe láti fi bú u. Afùwàpẹ́ kò jalè bó ṣe ní baba. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ohun tó gbé èèyàn dókè, ẹ jẹ́ ká ka iyọ̀ mọ́ ọn.

Apá kan sì wà nínú ìtàn náà tí àwọn awo kì í dúró lé pẹ́. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbéra, wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà síbì kankan, àní kí wọ́n má yà sílé baba wọn. Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè gbọ́ràn. Wọ́n lọ tààrà. Wọ́n rin gbogbo ọ̀nà náà, wọn kò ṣe ọ̀lẹ, wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a nílé, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yan orí tó dára lójú wọn. Òjò pa á. Wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, èrè rẹ̀ kò dúró. Afùwàpẹ́ tí kò pa ìkìlọ̀ mọ́ ló ṣe rere.

Mo ti bi àwọn àgbà mélòó kan pé ẹ̀bi kí ni àwọn méjèèjì jẹ. Ọ̀kan ní wọn kò bèèrè lọ́wọ́ Ifá. Mo ní ẹni tí wọ́n ní kó má yà síbì kankan, níbo ni yóò ti bèèrè? Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa mu ẹmu mi.

Nítorí náà, aburo mi tó wà ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá tún jọ ń wo ìdíje náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tuntun gba ife rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ kí àwọn tí nọ́ńbà wọn kéré. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé èsì, níbi tí ẹ̀rọ ayàwòrán kì í dé. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń sun inú mọ́tò wọn láti ìdíje dé ìdíje, láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, tí máàkì wọn ti kọjá 1000 dáadáa, tí owó epo bẹntiróòlù tó ń bọ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń rò bí wọ́n ṣe ń ju àwo tó kẹ́yìn. Wọ́n ń jí lówùúrọ̀ ṣe ìdánrawò bíi ti ẹni tó gba ife. Òjò ọ̀nà kan náà ló ń pa wọ́n.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbọrú, àbọyè.